Wolé-wolé Nílé Gàrí Àsíátù

Orí àpò ẹ̀gẹ́ rínrin ni Adélékè ti kọ́kọ́ rí Àsíátù. Ó dúró gírígírí, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó ń fi gbogbo agbára tẹ ọwọ́ jáàkì kí omi lè jáde lára ẹ̀gẹ́ náà. Oòrùn òwúrọ̀ ń ràn sí i lẹ́yìn, ìyẹ̀fun funfun ta sí irun ìpéǹpéjú rẹ̀, kò sì wo ibi tí ọkùnrin oníṣòkòtò kákí náà dúró sí rárá. Ẹni tó bá sọ pé ọkàn Adélékè kò mì lọ́jọ́ náà, irọ́ ló pa.

Iṣẹ́ ló gbé e wá. Ọdún 1985 ni, ìjọba ológun ti fọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, àwọn wolé-wolé sì ń yẹ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ tà wò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Adélékè, àmọ́ Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ti kàwé. Kò tíì pé oṣù kan tó dé sílé.

Bó ṣe dé ibi tí wọ́n to àpò sí, òórùn kíkan gbá a nímú. Ó béèrè ìgbà tí wọ́n rin ẹ̀gẹ́ náà. Wọ́n ní ó di ọjọ́ karùn-ún. Ló bá ṣí ìwé, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé oúnjẹ tó ti bà jẹ́ ni, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù kó tó di ọ̀sán. Àwọn obìnrin méjìlá tó ń bó ẹ̀gẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àsíátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀kalẹ̀, ó nu ọwọ́.

"Ọ̀gá, ńṣe la fi í sílẹ̀ kó kan. Kíkan yẹn ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá láti Èkó. Bí ẹ bá ní ká dà á nù, gàrí Ìjẹ̀bú lẹ ní ká dà nù yẹn."

Ojú ti Adélékè, kò sì fi pamọ́. Ó fa ìlà sórí ohun tó kọ, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun ló ṣàṣìṣe. Àsíátù kò rí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀.

Kò rọ̀ pẹ́. Ọkùnrin náà ti kọjá sẹ́yìnkùlé. Èèpo ẹ̀gẹ́ ga dé èjìká níbẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń jẹrà, eṣinṣin bò ó, omi ẹ̀gẹ́ sì ń ṣàn gba inú gọ́tà lọ síbi kànga aládùúgbò. Adélékè kò gbójú fò ó. Ó kọ ìwé mìíràn: kí wọ́n gbẹ́ kòtò onídèérí fún omi náà, kí èèpo tútù má sì sùn mọ́jú níbẹ̀ mọ́. Ó fún wọn ní ọjọ́ mọ́kànlélógún. Bí wọn ò bá ṣe é, ìjọba yóò ti ilé gàrí náà pa.

Mùínátù, ìyá Àsíátù, ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó tó fà á lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Inú bí Àsíátù gan-an, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni ọkùnrin náà kọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Adélékè tún yọ, bùbá àti ṣòkòtò ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òun wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí, kí òun má baà tún dójú ti ara òun. Wọ́n gbé ọ̀bẹ fún un. Ẹ̀gẹ́ mẹ́ta ló bó kó tó gé ara rẹ̀ níka.

"Ẹ rọra, ọ̀gá," ni Àsíátù wí bó ti ń so àkísà mọ́ ọn lọ́wọ́. "Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sí i, ẹ ó tún kọ ìwé fún wa."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tó ń wá déédéé. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ Kàdúná fún un, Àsíátù náà ń sọ ohun tó ń dà á láàmú. Àwọn tó ń sin ewúrẹ́ fẹ́ èèpo náà, àmọ́ gbígbẹ ni wọ́n fẹ́, kò sì sí ibi tó lè sá a sí. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ wà lójú ọ̀nà Ìjàgun, nínú ilé tí ìyá rẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́. Pálọ̀ ìyá ni. Mùínátù kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó ní kí wọ́n lọ sá a síbẹ̀, pálọ̀ òun á dúró.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, Adélékè sọ tinú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, òun sì fẹ́ fi ṣe aya. Inú Àsíátù dùn. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ náà pé ará ìlú á sọ pé ìfẹ́ ọkùnrin yìí ló fi ra àṣẹ ìjọba.

"Èmi náà fẹ́ràn yín," ló wí. "Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí ìwé mi, mi ò ní fẹ́ yín láéláé. Mo fẹ́ kí ibí mọ́ délẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ìfẹ́ ló fọ̀ ọ́."

Ní ọjọ́ kejì, Adélékè lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Ìyáàfin Edith, obìnrin tó ti ti ilé búrẹ́dì àbúrò ara rẹ̀ pa rí. Ó sọ gbogbo òótọ́. Ìyáàfin náà ní òun gbọ́, ó sì gbé e kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ sídìí ọkọ̀ akólẹ̀ ní Odògbolú. Adélékè kò bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí Àsíátù gbọ́, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó mú ṣọ́bìrì, ó wọ inú kòtò lọ bá àwọn tó ń gbẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún, Ìyáàfin Edith fúnra rẹ̀ ló wá. Ó wo gọ́tà, gbígbẹ ló bá a. Ó ní kí wọ́n mú òun dé ibi tí wọ́n ń sá èèpo, ó sì bi àwọn eléwúrẹ́ tó bá níbẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó béèrè ẹni tó kọ́ Àsíátù ní gbogbo èyí.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Ìwé yín ni mo kà, mo sì ṣe ohun tó wà níbẹ̀."

Ìyáàfin Edith bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan igun ìdérí kòtò. Ó ti sán. Ó ní aago mẹ́rin lòun ń padà bọ̀. Àsíátù kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà, ó po sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀, ó sì ti parí kí aago mẹ́rin tó lù. Ìyáàfin Edith wò ó, ó fọwọ́ síwèé.

"Mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún," ló wí. "Ilé gàrí tí mo kọ́kọ́ fi tọkàntọkàn fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ nìyí."

Mùínátù ní kí ọmọ òun ka ìwé náà sí òun létí. Ó ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní ẹni tó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ kí orúkọ ọmọ òun lè mọ́, kó mú àwọn ará ilé rẹ̀ wá.

Àsíátù kò pààrọ̀ aṣọ. Ó wọkọ̀ lọ sí Odògbolú, ó bá Adélékè níbi tó ti ń kó ilẹ̀ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì na ìwé náà sí i lójú gbogbo wọn. Adélékè kà á dé ibi tí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí. Ẹ̀rín gba ojú rẹ̀ kan.

"Àsíátù, ṣé o wá dá mi lóhùn ni, àbí o wá fọ́nnu fún mi?"

"Méjèèjì ni," ló wí. "Ọjọ́ Sátidé ni ìyá mi ń retí àwọn ará ilé yín."