Orúkọ Kanae Nínú Apá Kejì

Ìjà ni Shunsaku àti Kanae fi pàdé, ìjà lórí dírágónì tí kò rìn.

Shunsaku Hirose ni olùdarí àníìmè kan, eré àwòrán fún tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń ṣe ní Tokyo nígbà náà. Ìtàn ẹ̀fẹ̀ ni, nípa dírágónì kan tó ń bẹ̀rù iná, àti àjẹ́ kékeré kan tó máa ń gbàgbé ọfọ̀ ara rẹ̀. Kanae Shiomi wà lára àwọn ayàwòrán. Kò tí ì pẹ́ tó dé láti Himi, ìlú àwọn apẹja létí òkun, ohùn rẹ̀ ṣì ń dún bíi tàwọn ará ibẹ̀.

Shunsaku ní kó ya ibi tí dírágónì ti kọ́kọ́ rí àbẹ́là. Ó ń retí ariwo, ìsáré, ìrù tó ń fọ́ àwo. Ohun tí Kanae gbé wá ni dírágónì tó dúró sójú kan.

"Kí lèyí? Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́ ni?"

"Kò rẹ̀ mí, Ọ̀gá. Ẹ wò ó ná kí ẹ tó bá mi wí."

"Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀? Ẹranko tó dúró bí òpó iná?"

"Ẹ ṣáà wò ó, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wò ó. Dírágónì rí àbẹ́là, ó dúró. Ó dúró títí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í ni Shunsaku. Ìgbà yẹn ni dírágónì wá ṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì rọra gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa ọkùnrin yìí! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn tó wà ní yàrá kejì sì wá yọjú wò ó.

"Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?"

"Ní ibi tí wọ́n ti ń já ẹja nílé wa ni. Ẹni tí ẹja ńlá bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ padà sómi kì í kọ́kọ́ pariwo. Á dúró ná."

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Shunsaku ti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ọkàn ọ̀hún ò sì padà wálé mọ́.

Apá kínní eré náà jáde, ó gba ìgboro. Àwọn ọmọdé ń fi dírágónì ṣeré lójú ọ̀nà ilé ìwé, àwọn àgbà ń ṣẹ́jú fún ara wọn níbi iṣẹ́ bí ọ̀gá bá bínú. Tí wọ́n bá jáde níbi iṣẹ́, àwọn méjèèjì á dúró níwájú ilé ẹlẹ́ran tó wà nídìí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, wọn á ra ọ̀dùnkún díndín gbígbóná, wọn á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọn á máa jẹ ẹ́ lọ.

"Má pè mí ní Ọ̀gá mọ́, jọ̀ọ́," Shunsaku sọ fún un lọ́jọ́ kan.

"Kí wá ni kí n máa pè ẹ́?"

"Ohun tí o bá ń pe ẹni tó o fẹ́ràn."

"Mo fẹ́ràn ológbò wa nílé. Jagunlabí là ń pè é."

"Ó dáa, Jagunlabí náà ni mo gbà."

Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ra nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín. Inú Kanae dùn, ti Shunsaku náà sì dùn.

Ọ̀rọ̀ ku ti ilé. Tatsuji, bàbá Kanae, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì, kò fìgbà kankan fẹ́ iṣẹ́ yìí. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, dírágónì ló lọ ń yà." Ohun tó ń sọ fún àwọn ará àdúgbò nìyẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ Sunday kan, nígbà tí eré ọ̀sẹ̀ náà ń parí, tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n, bàbá rí i: Kanae Shiomi. Ó dìde fùú, ó na ìka mọ́ gíláàsì. "Shiomi! Orúkọ wa ni wọ́n kọ yẹn!" Látọjọ́ yẹn, kò sí Sunday tí kì í jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tòun ti aṣọ tó mọ́. Kò bìkítà fún eré náà tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ ló ń dúró dè.

Nígbà tí Shunsaku lọ kí wọn nílé, bàbá rọ ọtí sáké fún un, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Mo mọ ohun tí o bá wá. Má tí ì sọ ọ́. Ẹ ní apá kejì ń bọ̀. Lọ́jọ́ tó bá máa parí, ẹ jọ wá síbí. A ó jọ wò ó. Lẹ́yìn náà kí o wá sọ̀rọ̀, n ó gbọ́."

"Ṣé kò níí pẹ́ jù, Bàbá?"

"Ẹni tó fẹ́ kó ọmọ mi lọ, ṣé kò lè mú sùúrù ni?"

Fusa, àbúrò bàbá, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ rí orúkọ ẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n sí i ni o! Ẹ má dá a lóhùn." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Shunsaku náà sì rẹ́rìn-ín. Ó gbà pé eré àgbàlagbà lásán ni.

Apá kejì bẹ̀rẹ̀. Háà, apá kejì! Àwọn tó ń náwó sí eré náà ti rí i pé ó ń tà, wọ́n ní kó yá kíákíá. Ẹni tó ń kọ ìtàn bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kó ogun àti idà wọ inú ìtàn ẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ nìyẹn. Shunsaku yẹ kó kọ̀. Kò kọ̀. Ojú ń tì í láti sọ pé kò ṣeé ṣe, ló bá ń dáhùn pé "Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," títí nǹkan fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n fún àwọn tí kò mọ dírágónì rí ní dírágónì yà. Lọ́sẹ̀ yìí ó jọ ewúrẹ́, lọ́sẹ̀ kejì ó jọ ìkòkò. Àjẹ́ kékeré ò gbàgbé ọfọ̀ mọ́, ó kàn ń pariwo ni. Kò sí ẹni tó ń dúró kó tó ṣẹ́jú mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í bú u lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èébú olólùfẹ́ tí wọ́n já kulẹ̀ sì máa ń korò ju ti ọ̀tá lọ.

Kanae ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń tún àwòrán ṣe. Tí àwòrán burúkú bá dé, á gbé bébà yẹ́lò lé e lórí, á tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kó o wá, kò tán. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú, ó fi báńdéèjì wé e, ó tún ń yà á lọ.

Shunsaku di ọwọ́ náà mú lọ́jọ́ kan, ó ń rọra fọwọ́ pa á. "Olólùfẹ́ mi, fi eléyìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Àwọn ọmọdé máa mọ̀. Dírágónì wọn ni."

Kanae kì í ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ. Shunsaku ló ń kà á, gbogbo rẹ̀. *Ta ni Kanae Shiomi yìí? Ọwọ́ ló fi yà á ni àbí ẹsẹ̀? Ẹ gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ẹ̀!* Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè àwọn tó yàwòrán, òun ni wọ́n sì rò pé ó ba nǹkan jẹ́, òun tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ì bá burú jù báyìí lọ. Ọ̀rọ̀ náà ń gún Shunsaku lọ́kàn bíi pé ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú.

Àṣà kan wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹni tí iṣẹ́ bá tì lójú lè ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò níparí eré, kí wọ́n fi orúkọ tí kì í ṣe ti ẹnì kankan dí àyè rẹ̀. Ẹni tó ni orúkọ ló máa ń bèèrè fún un. Kanae ò bèèrè. Shunsaku ló bá a bèèrè, fún ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kò sì sọ fún un. Ó ní kí èébú máa bọ̀ wá sórí òun nìkan. Inú ìfẹ́ ló ti ṣe é. Mi ò níí purọ́ mọ́ ọn.

Orúkọ máa ń tètè wọlé ju àwòrán lọ. Wọ́n ti to gbogbo orúkọ tán kí Kanae tó gbé ìran ìkẹyìn wá, ibi tí dírágónì àti àjẹ́ kékeré ti dágbére fún ara wọn. Òun nìkan ló yà á, látòkè délẹ̀. Dírágónì fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sọ ọ́. Ó dúró. Shunsaku wò ó tán. Ó sáré lọ bá àwọn tó ń to orúkọ pé kí wọ́n dá orúkọ Kanae padà. Wọ́n ní eré ti kúrò lọ́wọ́ àwọn, ó ti dé ilé tẹlifíṣọ̀n.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n wọ̀ lọ sí Himi, Shunsaku la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì kó lè jẹ́wọ́.

"Kanae."

"Hẹn?"

"Ṣé ebi ò pa ẹ́?"

Kanae rẹ́rìn-ín, ó fi orí lé e léjìká. "Ẹ̀rù Bàámi ló ń bà ẹ́. Fọkàn balẹ̀. Màámi ti se ìrẹsì ẹlẹ́wà pupa láti àárọ̀, èyí tí wọ́n ń sè fún ayọ̀. Ta ló máa sè é fún ẹni tí wọ́n fẹ́ lé?"

Shunsaku ò jẹ́wọ́ fún un. Ibẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe kejì.

Wọ́n bá bàbá nínú kóòtù àti táì. Màmá ti tẹ́ oúnjẹ. Fusa ti jókòó, ó ń jẹ ẹja gbígbẹ, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n. "Kí ló dé tí dírágónì yìí jọ ọkọ mi tó kú?" Kò sẹ́lòmíì tó rẹ́rìn-ín. Eré náà burú, kódà ní Himi wọ́n mọ̀ pé ó burú. Àmọ́ nígbà tí ìran ìkẹyìn dé, Fusa gbé ẹja sílẹ̀. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Omi ń dà lójú bàbá, kò nù ún.

"Ṣé ìwọ lo ya èyí?"

"Èmi ni, Bàámi."

Orin bẹ̀rẹ̀, orúkọ ń gòkè. Bàbá dìde, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó na ìka. Níbi tí ó mọ̀ pé tiwọn máa ń wà, orúkọ míì ló wà níbẹ̀: Yuki Tada. Ìka rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sókè títí ó fi kọjá.

"Ó ti kọjá ni? Mi ò rí i. Yoshie, ṣé ìwọ rí i?"

"Mi ò rí i," ni màmá dáhùn.

"Wọ́n ti ṣe àṣìṣe nìyẹn," Kanae sọ, ó sì yíjú sí Shunsaku pé kó gbè é lẹ́yìn. Ó rí ojú rẹ̀. Lákòókò yẹn gan-an, orúkọ tó máa ń jáde gbẹ̀yìn yọ sójú tẹlifíṣọ̀n, òun nìkan, gàdàgbà: Olùdarí, Shunsaku Hirose.

"Ìwọ ni," Kanae sọ.

"Èébú tí wọ́n ń bú ọ ti pọ̀ jù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bú ọ mọ́. Mo ní kí tèmi nìkan dúró, kí wọ́n máa bú mi."

Bàbá wò ó. Kò pariwo. "Ṣé iṣẹ́ ọmọ mi tì ọ́ lójú ni?"

"Rárá, Bàbá! Kò sí èyí tó dára tó o!"

"Kí ló wá dé tí o fi í fún ẹlòmíì?"

Shunsaku dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní, ó fi iwájú orí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá wá láti sọ kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Bàbá tú táì ọrùn rẹ̀, ó ká a jẹ́jẹ́, ó wọ yàrá lọ.

Kanae sin Shunsaku dé ibùdó ọkọ̀. Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn òkè. Wọ́n dúró ti ara wọn, Kanae ò fọwọ́ kàn án.

"Mo máa dá a padà. Tí wọ́n bá fẹ́ tà á nínú díìsì, orúkọ rẹ máa wà níbẹ̀. Mo búra."

"Shunsaku, tá a bá ti fẹ́ra, kí ni mo máa jẹ́?"

Shunsaku mọ̀ ọ́n. Òfin ilẹ̀ wọn ò gbà kí tọkọtaya jẹ́ orúkọ ìdílé méjì.

"Kanae Hirose. Mo ti gbà tẹ́lẹ̀, Bàámi náà sì ti gbà. Èmi nìkan ló bí. Tí mo bá ti lọ, Shiomi parí nìyẹn. Ìyẹn ló ṣe ní ká jọ wò ó kó tó jẹ́ kí o sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kó wá gbé mi fún ẹ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ya ìran yẹn pẹ̀lú ọwọ́ tó wú. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi gbé orúkọ náà sílẹ̀."

Ẹkún gbọ̀n Shunsaku. "O ò sọ fún mi."

"Ìwọ náà ò bi mí."

Ọkọ̀ ń bọ̀, wọ́n ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀.

"Ṣé mi ò lè padà wá mọ́?"

"Tí o bá padà wá, màá gbà ẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kí o má wá. Gbogbo ayé mi ni n ó fi máa wo ohun tí o tún ti bá mi mú kúrò, torí pé o ń ṣàánú mi."

"Mo fẹ́ràn rẹ, Kanae. Mo fẹ́ràn rẹ ju ẹ̀mí mi lọ."

"Mo mọ̀. Ìfẹ́ yẹn náà lo fi pa orúkọ mi rẹ́."

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ó wọlé nítorí pé kò mọ ohun míì tí èèyàn lè ṣe. Nígbà tó fi máa dé ojú fèrèsé, Kanae ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́nà òkun, ó ń yára, torí bàbá rẹ̀ ò tí ì fẹnu kan oúnjẹ.