Ife Kọfí Bàbá Nasri

Ẹ̀yin olùfẹ́ mi nínú Olúwa, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa lónìí, tí a tún fi lè jókòó ti ìtàn.

Orí ìkúnlẹ̀ ni Hiyam wà láàárín òkúta pupa àfonífojì Mujib, ní Jọ́dánì, tó ń ṣa ìgbẹ́ ewúrẹ́ orí àpáta, ẹran igbó tí òfin ní kí a má pa, sínú ìgò kéékèèké, nígbà tí òjìji ọkùnrin kan bò ó. Nasri ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹranko ibẹ̀.

"Ọmọge, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ lò ń ṣà ni?"

"Ìgbẹ́ ni. Ó sì níláárí ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó ń bá a ṣà á.

Oyè kejì ni Hiyam ń kà ní yunifásítì kan ní Amman. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń ka àmì ìran tí Ọlọ́run kọ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, kí a lè mọ iye tó kù láàyè, kí a sì mọ ẹni tó pa èyí tó kú. Kí ọdún tó yí, ìfẹ́ ti jinlẹ̀ láàárín wọn. Bàbá Nasri dá ọjọ́ Ìsinmi kan tí òun àti àwọn àgbà yóò wá tọrọ Hiyam nílé bàbá Hiyam ní Madaba.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, àwọn ọlọ́pàá kó ọ̀bẹ mẹ́wàá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fura sí wá sí yàrá àyẹ̀wò tí Hiyam ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í kọ orúkọ sí i, nọ́mbà nìkan ni. Ẹ̀jẹ̀ ara ọ̀bẹ kẹsàn-án bá ti abo ewúrẹ́ kan mu, èyí tí Nasri fúnra rẹ̀ bá lókùú lórí àpáta, tòun ti ọmọ inú rẹ̀, tí wọ́n ti gé ẹran ara rẹ̀ lọ. Hiyam fọwọ́ sí ìwé àbájáde.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n bu kọfí fún Bàbá Nasri. Ó gbé ife náà kalẹ̀ bí àṣà, nítorí àgbà kì í mu ún títí wọn yóò fi gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó tọrọ ìyàwó, ó ní kí wọ́n pe Hiyam.

"Ọmọ mi, ọ̀bẹ mi wà lọ́dọ̀ yín. Ẹran àsè ìgbéyàwó yín ni mo wá lọ sórí òkè. Bá mi sọ pé ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ ilé ni."

Omijé lé ròrò lójú Hiyam. "Bàbá, mo ti fọwọ́ sí i. Ká ní mi ò tíì fọwọ́ sí i, n ó ṣì fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Kọfí tutù. Àwọn àgbà dìde. Nasri yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, olólùfẹ́ mi. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni. Mi ò lè fi í sílẹ̀."

Wọ́n rán Bàbá Nasri lẹ́wọ̀n. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Hiyam ń gbé ìkòkò oúnjẹ lọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá kọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ rẹ ti pọ̀ jù," ó ní. Ó sì jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ yẹn, Nasri ló gba ìkòkò lọ́wọ́ Hiyam lẹ́nu géètì. Ó ń bá a gbé e lọ.

Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, àìsàn ọkàn ti dá Bàbá Nasri wólẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì ránṣẹ́ pe bàbá Hiyam. Ó ní kí wọ́n bu kọfí fún òun, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Mo wá tọrọ ọmọ yín," ó ní, ó ń mí gúlegúle.

"Mu kọfí rẹ, arákùnrin mi." Bàbá Hiyam na ife náà sí i.

Nasri gbé orí bàbá rẹ̀ sókè. Ètè rẹ̀ nìkan ni kọfí náà kàn. Ọjọ́ kejì, bàbá ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, wọ́n so wọ́n pọ̀ níwájú pẹpẹ, láìsí orin, láìsí ijó: Hiyam nínú aṣọ funfun, Nasri nínú aṣọ dúdú ọ̀fọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé kọfí jáde, ife kan lé nínú àwo, ti Bàbá Nasri, ó kún dẹ́nu. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin tó ka èyí, Olúwa yóò fún yín ní ọkàn tó lè sọ òtítọ́, tó sì lè gbé oúnjẹ tẹ̀lé e. Kọfí yín kò ní tutù kí ìdáhùn tó dé. Àmín.