Nopoko Alákoto àti Ọkùnrin Tó Ń Ti Máṣíìnì

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ẹni tó ń jẹun, kó máa jẹ ẹ́ lọ, kó ṣáà má fi etí jẹun. Ẹni tí ọmọ ń sunkún lọ́wọ́ ẹ̀, kó fún un lọ́mú, kó wá jókòó. Ìtàn Nopoko tó ń ta akoto ni mo fẹ́ sọ, ti ìgbà tí àwọn igi dóńgóyárò ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsédò, ibi tí wọ́n ti sé omi, ní Wagadúgù, tí òjìji wọn ń bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀. Wọ́n ti gé wọn báyìí. Títì ti fẹ̀. Ìgbà yẹn ṣá dùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò ọyẹ́, Nopoko ń nu eruku lára àwọn akoto tó so rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ló bá rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà àwọn ọlọ́máṣíìnì. Máṣíìnì tuntun ni, ọ̀rá ṣì wà lára àga ẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò gùn ún o. Ó ń tì í! Ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, awò ojú ẹ̀ ti yọ̀ wá sórí imú, òógùn ti lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lẹ́yìn. Obìnrin tó pọn ọmọ gun máṣíìnì tiẹ̀ kọjá lára ẹ̀, fìn-ín! Ìyá àgbà kan tó so adìyẹ mọ́ iwájú máṣíìnì náà kọjá, ó tún yíjú padà wò ó. Ní Wagadúgù! Níbi tí ọmọ ti ń mọ máṣíìnì gùn kí eyín ẹ̀ tó pé!

Nopoko ò lè mú un mọ́ra.

"Bọ̀dá, ṣé ara ẹ̀ ò yá ni?"

"Ara ta ni?"

"Ti máṣíìnì yẹn. Ọsibítù lẹ ń gbé e lọ?"

Ọkùnrin náà dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ara ẹ̀ le. Èmi ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n gùn. Mo sì ti búra pé mi ò ní jókòó lé e láìsí akoto."

Nopoko wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó gbà kí gbogbo ìlú fi òun rẹ́rìn-ín dípò kó fi orí ara ẹ̀ tayò, irú wọn ò pọ̀.

"Kí lorúkọ yín?"

"Drissa Paré."

Yéè! Bàbá Nikiema, bàbá Nopoko, tó jókòó sórí àga kíká ẹ̀ lábẹ́ igi, ló pariwo. "Paré! Sámò ni! Ẹrú mi ti dé o!"

"Ẹ káàárọ̀, ẹrú mi," ni Drissa dá a lóhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá mi tọ́jú ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣé ẹ ti jẹ ẹran kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àárọ̀ yìí?"

"Orí ajá tí ẹ̀yin jí jẹ lánàá ńkọ́?"

Bó ṣe wà nìyẹn láàárín ẹ̀yà Mósì, tí Bàbá Nikiema ti wá, àti ẹ̀yà Sámò, látọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wọn. Bí wọ́n bá ti pàdé, èébú ni ìkíni. Ọmọdé á bú àgbà, àgbà á bú ọmọdé. Ẹni tó bá bínú ti ṣẹ̀, ẹni tó bá tọrọ àforíjì ti ba nǹkan jẹ́ pátápátá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀.

Drissa mú akoto kan, ó dé e. "Èyí ni. Ó rọrùn bíi fìlà."

"Mi ò ní tà á fún ẹ."

"Kí ló dé?"

"Mi orí ẹ." Ó mi orí, akoto náà ń jó lọ jó bọ̀. "Ṣó o rí i? Ìwọ ti yíjú sọ́tùn-ún, òun ṣì ń wo òsì. Tó o bá ṣubú, á ti bọ́ kí orí ẹ tó dé ilẹ̀."

Ó mú téèpù, ó fi wọn orí ẹ̀ láti òkè ìpéǹpéjú yí ká ìpàkọ́. Ó mú òmíràn wá. Èyí há. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Drissa wú síwájú bíi ti ọmọ tó fẹ́ fọn fèrè.

"Ó ń fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ. Fóòmù á rọ̀, á mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ. Èyí tó bá ti rọrùn jù lónìí, á di agbádá lórí ẹ lóṣù tó ń bọ̀."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di akoto náà mú, ó yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì. Awọ iwájú orí Drissa bá a lọ. Ó tì í láti ẹ̀yìn bóyá á bọ́ síwájú, kò bọ́. Ó so okùn abẹ́ àgbọ̀n, ó ki ìka kan bọ abẹ́ ẹ̀ wò. Ibẹ̀ lojú wọn ti ṣe mẹ́rin. Nopoko yára yọ ìka ẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

"Awò mi ò lè wọlé," ni Drissa sọ wẹ́lẹ́.

Lóòótọ́, akoto tó bo gbogbo ojú ò gba awò. Nopoko bá gbé irú kejì wá, èyí tí àgbọ̀n ẹ̀ ń ṣí sókè. "Tẹ ibí. Gbé e sókè. Ki awò ẹ bọ̀ ọ́. Dá a padà. Gbọ́ ọ dáadáa, ó gbọ́dọ̀ dún kọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Níbo lo ń lọ ṣiṣẹ́?"

"Wọ́n gbé mi lọ sí iléèwé abúlé kan lọ́nà Kombisiri. Tíṣà ni mí."

"Èyí gan-an ló yẹ ẹ́ nìyẹn. Abúlé! Gbogbo agbo ilé lo máa dúró kí, ta ló sì máa fi ojú bíbò kí àgbà? Tó o bá dúró, ṣí i, kí wọ́n rójú ẹ. Tó o bá ń lọ, tì í. Má fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí lórí eré o, atẹ́gùn á fà ẹ́ lọ́rùn, àgbọ̀n ẹ ò sì ní ní aláàbò."

"Ṣé kí n sanwó?"

"Ta ló rán ẹ? Jókòó pẹ̀lú ẹ̀ lórí títí màá fi mu tíì mi tán. Ibi tó bá máa dùn ẹ́, kò ní sọ fún ẹ lójú ẹsẹ̀."

Drissa jókòó ti Bàbá Nikiema pẹ̀lú akoto lórí, àwọn méjèèjì ń bú ara wọn. Kí tíì tó tán, iwájú orí ti ń dùn ún. "Ẹ ò rí nǹkan," ni Nopoko wí, "orí Sámò gùn, akoto yìí sì rí roboto." Ó pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tó gùn síwájú sẹ́yìn. Ó tún po tíì mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ibì kankan ò dùn ún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní Sátidé. Sátidé yìí, á ní akoto ń pariwo létí òun. Sátidé tó tẹ̀lé e, okùn ń yọ òun lẹ́nu. Nopoko mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ṣáà máa ń yẹ akoto náà wò dáadáa, bíi dókítà tó fẹ́ràn aláìsàn ẹ̀. Òun ló kọ́ ọ ní máṣíìnì ní pápá tó wà lẹ́yìn ìsédò. Drissa ṣubú, ó dìde, eruku pupa bò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣó o rí bí mo ṣe yí kọ́nà yẹn?"

"Ajá inú ọbẹ̀ ni ìyàwó ẹ. Padà lọ tún un yí."

Ó ń pè é ní ìyàwó mi, ẹrú mi arẹwà, aya tí mi ò sanwó orí ẹ̀. Nopoko ń bú u padà, inú ẹ̀ ń dùn, ọkàn ẹ̀ sì ń bà jẹ́. Torí pé Sámò tó bá pe ọmọ Mósì ní ìyàwó, ta ló máa kà á sí òótọ́? Gbogbo Sámò tó ń ra akoto lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń pè é ní ìyàwó!

Ní Sátidé kan, Drissa ti gun máṣíìnì tán, ó fẹ́ máa lọ, ló bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Nopoko, mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

Nopoko bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu tí ẹ̀fẹ̀ ti mọ́ lára ló rẹ́rìn-ín. Drissa náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ti àgbọ̀n akoto ẹ̀, ó lọ. Ìgbà tó ti lọ tán ni Nopoko tó rántí pé ẹ̀rín Drissa yẹn ò dé ojú ẹ̀.

Drissa ò tún wá mọ́. Sátidé kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Nopoko á gbọ́ ìró máṣíìnì, á na ọrùn, ẹlòmíì ni.

Àṣé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Àlejò kan yà kí Bàbá Nikiema níjọ́ kan, bàbá sì ń sọ ìtàn fún un, ó ń fi ọwọ́ gbá itan. "Ọjọ́ tí Nopoko lọ ra ọjà, ẹrú mi Drissa rán àbúrò bàbá ẹ̀ sí mi! Ó gbé obì wá! Ó lóun wá tọrọ ọmọ! Ẹ̀yin Sámò! Mo jẹ obì náà níṣojú ẹ̀, mo ní kó lọ sọ fún ọkọ ìyàwó pé kó ru ogún orí ajá, kó fẹsẹ̀ rìn ín wá láti abúlé ẹ̀!"

Àlejò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Nopoko dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tó fi ń nu eruku wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti jẹ obì yẹn?"

"A jẹ ẹ́! Ó dùn!"

"Ọkọ mi lẹ fi ṣẹ̀fẹ̀ yẹn."

Ẹ̀rín tán. Àlejò wo ilẹ̀, ó rántí pé òun níbi tí òun ń lọ. Ojú ti Nopoko débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọmọbìnrin wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá ẹ̀? Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́.

Bàbá yíjú sí i. "Ìwọ náà fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá."

"Ṣé òótọ́ ni ọmọ yẹn ń sọ ni? Áà." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Mi ò lè bẹ̀ ẹ́ o. Mósì ò lè bẹ Sámò nítorí ẹ̀fẹ̀. Tí mo bá bẹ̀ ẹ́, mo ti já okùn tí àwọn baba wa so."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ṣùgbọ́n ẹnu mi yìí ló jẹ obì." Ó dìde díẹ̀ lórí àga. "Ẹ̀rín ni mo fi jẹ ẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ mo gbé e mì. Obì ìtọrọ ọmọ tí bàbá bá ti gbé mì, kì í pọ̀ ọ́. Lọ sọ fún ẹrú mi bẹ́ẹ̀. Nopoko! Má rẹ́rìn-ín tó o bá ń sọ ọ́ o."

Nopoko ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan. Ó dé akoto tiẹ̀, ó so okùn ẹ̀, ó gba ọ̀nà Kombisiri. Àwọn tírélà ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọyẹ́ ń da iyanrìn lù ú. Gbogbo ọ̀nà ló ń tún ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ tò lẹ́nu, ó ń tú u ká, ó ń tún un tò.

Iléèwé ti tú. Drissa nìkan ló wà lábẹ́ igi òrí. Nígbà tó rí i, ó dìde.

"Ẹrú mi! Ṣé orí ajá lo wá gbà? Sọ fún bàbá ẹ pé wọn ò tíì pé." Ohùn ẹ̀ gbẹ.

Nopoko gbé àgbọ̀n akoto sókè kó lè rí ojú òun. "Drissa, Bàbá jẹ obì ẹ."

"Mo gbọ́. Wọ́n ní ó dùn."

"Ó gbé e mì. Ó ní òun ò lè pọ̀ ọ́. Ó ní kí n wá sọ fún ẹ."

Drissa ń dúró de ẹ̀rín tó máa tẹ̀lé e. Kò dé. Ó ṣì ń dúró. Omijé gba àárín eruku ojú Nopoko kọjá, ó fa ìlà wálẹ̀.

"Ọjọ́ tó o sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rù ló mú mi rẹ́rìn-ín. Mo rò pé tí mo bá gbà á gbọ́, ìwọ lo máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò wá ṣẹ̀fẹ̀ o. Mo fẹ́ ẹ."

"Tún un sọ."

"Mi ò tún un sọ! Ọ̀nà jìn, ọrùn ń dùn mí!"

Drissa rẹ́rìn-ín, ti ọ̀tẹ̀ yìí sì dé ojú ẹ̀. Ó bá a tú okùn abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi náà. Èébú ni wọ́n ti fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ látọjọ́ tí wọ́n pàdé.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń bá Mósì sọ̀rọ̀ tí èèyàn ò bá bú u?" ni Drissa béèrè.

"Díẹ̀díẹ̀ ni," ni Nopoko wí, ó sì gbé ọwọ́ ẹ̀ lé ti Drissa.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí máṣíìnì méjì fi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Nikiema ti po omi jéró tí wọ́n fi ń kí àlejò káàbọ̀ sínú igbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Drissa, kò bú u. Drissa mu ún, òun náà ò bú u. Ó mu ún tán pátápátá. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n ṣe ìgbéyàwó, Mósì àti Sámò sì bú ara wọn láti àárọ̀ títí ohùn fi há.

Bàbá Nikiema ti lọ báyìí. Níbi ìsìnkú ẹ̀, gbogbo Sámò wá ṣẹ̀fẹ̀ yí òkú ká, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní kó dìde, kó lọ bomi fún àwọn. Wọ́n ní kí Drissa náà sọ tiẹ̀. Ó la ẹnu, èébú ò jáde. "Bàbá mi" nìkan ló lè sọ.

Ó dáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ mi bọ̀. Tó bá jẹ́ ìwọ ni Nopoko, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbésí ayé ẹ ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ìyàwó bá ẹ ṣeré, ṣé wàá gbé ìtìjú tì, kó o gba ọ̀nà Kombisiri lọ bá ọkùnrin? Àbí wàá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, kó o máa na ọrùn bó o bá ti gbọ́ ìró máṣíìnì? Ẹ dá mi lóhùn, kí lẹ̀yin ò bá ṣe?