Ọwọ́ Tó Ń Yún Hamidat

Orí iṣu ni Hamidat ti kọ́kọ́ rí Abdulfatai. Ó dúró sókè lórí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé iṣu dé láti Imoru, eruku pupa bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ó ń sọ iṣu sílẹ̀ lọ́jà Ọ̀wọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rárá.

Hamidat, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ọjà náà, dúró yan iṣu. Ó ń yàn án, ó ń họ àtẹ́lẹwọ́.

"Aǹtí, ẹ ò tíì bẹ iṣu, ó ti ń yún yín lọ́wọ́. Àbí owó ló ń bọ̀?"

"Tó bá dé, n ó ra gbogbo iṣu yín."

Ohun tí gbogbo ayé ń sọ fún un náà nìyẹn. Ọwọ́ ti ń yún un láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí owó kankan tó dé. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé nítorí kí àwọ̀ ẹyinjú rẹ̀ má baà hàn ló ṣe ń lé tìróò tó nípọn.

Láti ìgbà náà, ṣòkòtò Abdulfatai ń ya lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Abẹ ló gé èyí o," ni Hamidat wí.

"Ṣáà bá mi rán an, má bi mí ní ti abẹ."

Ọjọ́ tó ní òun fẹ́ fi í ṣaya, Hamidat nu tìróò náà kúrò. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin.

"Kì í ṣe ibà pọ́njú. Mo ti mu àgbo títí. Ihò tíntín tí òróǹro ń gbà jáde nínú ẹ̀dọ̀ mi ló ń dí, ó sì ti ba ẹ̀dọ̀ náà jẹ́. Òun náà ló ń mú ọwọ́ yún mi. Dókítà ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Lọ wá ẹlòmíràn fẹ́."

Abdulfatai fọwọ́ lé ìhà rẹ̀. "Ṣé wọ́n lè gé lára tèmi?"

Hamidat bú sẹ́kún.

Ẹ̀jẹ̀ Abdulfatai kò bá tirẹ̀ mu. Abdulmumin, ẹ̀gbọ́n Hamidat, ni tirẹ̀ bá a mu. Nígbà tí Abdulfatai mú Hamidat lọ sí Imoru kí wọ́n tó rìnrìn àjò lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ìyá rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kì í ṣe bàtà tí à ń pààrọ̀."

"Ìyá mi, tí a bá gé iṣu tuntun, tí a fi orí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ebè, ṣé kì í tún ta? Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ rí. Ti Abdulmumin á kún padà, èyí tó fún Hamidat náà á dàgbà."

"Tí kò bá wá ta ńkọ́?"



Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é, ẹ̀dọ̀ náà sì mú. Ojú Hamidat funfun, ó ju tìróò nù. Ṣùgbọ́n dókítà kìlọ̀: ọ̀pọ̀ ló ń gbádùn fún ọdún púpọ̀, àmọ́ àìsàn náà lè padà sára ẹ̀dọ̀ tuntun, tí ara bá tún ń yún un, kó tètè wá. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí Abdulfatai bá dárúkọ nikà ìgbéyàwó wọn, Hamidat á ní kó dúró ná. Kò fẹ́ sọ ọ́ di opó.

"Mo ti fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro," ni Abdulfatai ń wí, "n ò lọ síbì kankan."

Ó di ọjọ́ kan, ìyá Abdulfatai wá kí Hamidat l'Ọ́wọ̀. Hamidat bẹ iṣu fún iyán. Kò tíì gbé e kaná tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yún. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti padà," ló wí.

Ìyá mú ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó sì fa ìgò epo pupa mọ́ra. Ó rọra fi epo náà pa á lọ́wọ́, ìka kan lẹ́yìn èkejì.

"Ẹ̀yin ará ìgboro. Wọn ò kọ́ ọ pé kéèyàn fi epo pa ọwọ́ kó tó bẹ iṣu?"

Yíyún náà rọlẹ̀. Èyí tàtijọ́ kì í gbọ́ ti epo. Síbẹ̀ Hamidat lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìyá tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ sì dára.

"Mi ò mọ bó ṣe máa pẹ́ tó, Ìyá," ni Hamidat wí nígbà tí wọ́n ń bọ̀.

"Ta ló mọ tirẹ̀, ọmọ mi? A ṣáà ń gbin iṣu."

Abdulfatai ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Mo gbọ́ pé ọwọ́ tún yún ọ. Kí ló wá ń bọ̀ báyìí?"

"Ọkọ," ni Hamidat wí. "Lọ pe àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n wá mú ọjọ́."