Bọ́ọ̀lù Tó Bà Lórí Ìlà

Omi wà lára ibi ìdìmú rákẹ́ẹ̀tì náà. Mo rò pé òjò ló kán sí i lójú ọ̀nà, mo fi aṣọ nù ún, mo gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀. Nígbà tí mo tún fọwọ́ kàn án ní ìrọ̀lẹ́, ó ti rin padà, ó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ohun tí ẹni tó ń làágùn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.

Ọdún 1998 ni, ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Èmi àti bàbá mi, Bánkọ́lé Fámúrewá, la jọ ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́. Èmi ń kọ́ni, àwọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ohun èlò tẹ́níìsì àtijọ́ ni bàbá mi ń kó jọ. Rákẹ́ẹ̀tì onígi mọ́kànlá ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, pẹ̀lú agolo bọ́ọ̀lù tó ti dípẹtà, fọ́tò, àti ìwé ìdíje tí kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Bí àlejò bá ti jókòó, bàbá mi á máa ròyìn bí àwọn òyìnbó ṣe la pápá sẹ́yìn ọ́fíìsì wọn, bí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣa bọ́ọ̀lù fún wọn ṣe fi ojú lásán kọ́ eré náà, títí àwọn tíṣà àti akọ̀wé fi gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ṣe ìpàtẹ ohun àtijọ́ fún àyájọ́ ìpínlẹ̀ wa, wọ́n sì ní kí bàbá mi kó tiwọn wá. Bàbá mi ní ìpàtẹ náà kò lè pé láìsí rákẹ́ẹ̀tì Gabriel Dúrótoyè, ará Ògòtún. Tíṣà ni òun náà. Àwọn méjèèjì ló jọ dé àṣekágbá ìdíje àwọn tíṣà ní 1961. Bàbá mi ló gba ife ẹ̀yẹ. Kí ọdún náà tó parí, ibà pa Gabriel.

A wọkọ̀ lọ sí Ògòtún. Màmá Ìbíwùmí, opó Gabriel, ló gbé rákẹ́ẹ̀tì náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọn kò gba kọ́bọ̀.

“Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló ti wà nínú ulé mi,” ni wọ́n wí. “Nígbà tí ibà ń ṣe é, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ. ‘Bánkọ́lé mọ̀.’ Kí lẹ mọ̀?”

Bàbá mi wolẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ tí a gbé e dé ni mo rí omi yẹn. Ní ọjọ́ kẹta, okùn rákẹ́ẹ̀tì náà, tó ti dẹ̀ jọwọrọ nígbà tí a gbà á, le dan-in. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ní bí agogo mẹ́rin, mo wà ní ilé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ ìró lára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Pọ̀. Ó dákẹ́. Pọ̀. Mo jáde. Kò sẹ́nì kankan. Àwọn adìyẹ ń jẹ̀ jẹ́jẹ́. Àmì róbótó róbótó ló kún ara ògiri, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní Ọdún Àjíǹde.

Mo wọlé láti sọ fún bàbá mi. Mo bá wọn lórí àga, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

“Gbémisọ́lá,” ni wọ́n wí, “ó bà lórí ìlà.”

Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ ọ́ fún mi. Ó ku bọ́ọ̀lù kan kí Gabriel borí. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù náà bà lórí ìlà, ẹfun tí wọ́n fi fa ìlà náà sọ lálá. Oòrùn ń wọ adájọ́ eré lójú, kò rí i. Ó bi bàbá mi, nítorí àwọn ló sún mọ́ ọn jù, kò sì sẹ́ni tó rò pé wọ́n lè purọ́. Wọ́n ní ó jáde. Eré ń bá a lọ, bàbá mi sì borí.

“Mo ń retí kó bú mi. Kò bú mi. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ rin gbindin fún òógùn.”

Mo ní kí wọ́n lọ sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ ọ́, lẹ́ni àádọ́rin ọdún, kí ló tún kù tí àwọn ní?

“Ẹ óò ní oorun,” ni mo wí.

Ní àárọ̀ Sátidé ìpàtẹ, Màmá Ìbíwùmí wà lórí ìjókòó iwájú. Bàbá mi dìde, wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ náà dání, wọn kò sọ ìtàn òyìnbó kankan. Wọ́n sọ ti bọ́ọ̀lù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá wá gba ife náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n wò ó, wọ́n sì dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, ibi ìdìmú rákẹ́ẹ̀tì gbẹ.

Ara bàbá mi wá yá gágá. Bó bá ti di agogo mẹ́rin, wọ́n á gba pápá àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ lọ. Wọ́n á fi òógùn wálé, wọ́n á jẹun dáadáa. Èmi rò pé wọ́n kàn ń nasẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹta mo rí i pé rákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń mú lọ, mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń bá gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n wò mí bí ẹni tó yẹ kó ti mọ̀.

“Gabriel. Ó ṣì mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ.”

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí, mi ò lè bu omi tútù sí i.

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti wá sọ́dọ̀ mi,” ni wọ́n fi kún un. “Ó kàn mí láti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ní pápá tirẹ̀.”

Mo béèrè ibi tí pápá Gabriel wà. Wọ́n ní kò jìnnà.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ bàtà kánfáàsì tuntun tí wọn kò tíì tì bọ ẹsẹ̀ rí, wọ́n jókòó sí pálọ̀. Èmi jókòó sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ilé wa ní, mò ń ṣa ẹ̀wà. Kò sẹ́ni tó wọlé. Kò sẹ́ni tó jáde. Nígbà tí mo wọlé ní agogo márùn-ún láti bi wọ́n bóyá wọ́n á mu tíì, wọ́n ti papò dà lórí àga. Ojú wọn dà bí ti ẹni tó sùn.

Mo kúnlẹ̀ láti bọ́ bàtà náà. Kò sí ilẹ̀ tí mo mọ̀ ní Èkìtì tí kò pupa, tàbí kó dúdú. Iyẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà bàbá mi funfun báláú.