Ojú Tí Mo Kùn fún Màmá

"Àwòrán yìí ò lójú, kò nímú," ni Yasir wí, ó sì tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ gbé Màmá lọ sí gbàǹjo l'Ékòó? Ẹ ò mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọmọ kíláàsì mi ni Yasir, ilé wọn ló kọjú sí tiwa ní Aké. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ogójì ọdún ni bàbá àgbà mi, Tíṣà Dìran, fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, tí wọ́n ń ya òpópónà wa kí oòrùn àárọ̀ tó yí padà. Wéréwéré ni wọ́n máa ń kùn ún: ìmọ́lẹ̀ níbí, òjìji lọ́hùn-ún. Bí o bá sún mọ́ ọn, wúruwùru ni. Bí o bá fà sẹ́yìn, Aké ti jí. Àwọn èèyàn a máa bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọn yóò yà á parí. Mẹ́ta péré ni wọ́n rí tà.

Èyí tí à ń sọ yìí, Màmá Lydia, ìyàwó wọn tó ti dolóògbé, ló wà nínú rẹ̀, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú agboòrùn. Ọ̀gbẹ́ni Timothy láti ilé gbàǹjo ti ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé wọn. Kì í ṣe gbàǹjo àwọn tó ń fi agogo ta òkìríkà o. Àwọn olówó ló ń jókòó níbẹ̀. Owó rẹ̀ la fẹ́ fi ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Bàbá àgbà, nítorí nǹkan funfun ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Bí àwòrán náà kò bá tà ńkọ́? Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí Bàbá ń sùn, mo mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Mo kun ojú, imú àti ẹnu fún Màmá. Inú mi dùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé Màmá kò rìn mọ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí.

Bàbá jí. Wọ́n na ọwọ́ síwájú, wọ́n fẹ́ fọwọ́ kan àwòrán náà kí wọ́n fi dágbére fún un, torí ọjọ́ kejì ni wọn yóò wá gbé e lọ.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Bàbá."

"Kí ló dé?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi: mo lè ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn tó ń wá ọ̀nà nínú afẹ́fẹ́ ṣe mí láàánú. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Bàbá fa ọwọ́ wọn padà. "Ojú wo lo fún un?"

"Èyí tó wà nínú fọ́tò ìgbéyàwó yín."

"Èmi ò rí ojú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo yà á," ni wọ́n wí. "Ó ti jìnnà. Ìrìn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀, òun ni mo sì yà." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ lọ́jọ́ kan. Lọ mú àkísà àti kẹrosíìnì díẹ̀ wá."

Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, mo sì ń nù ún díẹ̀díẹ̀. Ojú náà lọ, ṣùgbọ́n àbàwọ́n kan kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ agboòrùn.

"Bí Timothy bá dé lọ́la," ni Bàbá wí, "ìwọ ni wàá sọ fún un."

Mo sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Timothy kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo olùrà lè kà á. Àwòrán náà tà, àmọ́ ìdajì iye tí à ń retí ló mú wá. Ó tó ojú kan, kò tó méjì. Mo sunkún.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì ní ọsibítù, Bàbá tẹjú mọ́ mi títí.

"Bí ojú ẹ ṣe rí rèé?" ni wọ́n wí. "Ìrìn ẹ ni mo ti fi ń dá ẹ mọ̀ láti ọjọ́ yìí."

Ojú kejì ṣì ń dúró dè wá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kì í ṣe gbogbo ohun tí ayé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń fẹ́ àtúnṣe. Bí ẹ bá sì ti ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì tutù.