Dígí Méjì fún Ìràwọ̀ Olórùka

Ní ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1995, òrùka ìràwọ̀ Sátọ́ọ̀nù pòórá lójú àwọn ará Ìlobù, wọ́n sì ní ará Ìfọ́n ló jí i.

Baba Abdulsalam, télọ̀ tó ti Gánà dé lọ́dún 1969, ló ni awò tí wọ́n fi ń wò ó. Dígí méjì péré ló mú bọ̀, ó fi ṣòkòtò àrán wé wọn. Ó fún Mobọ́lá, tísà ará Ìfọ́n tó kọ́ ọ lórúkọ ìràwọ̀ náà, ní èyí tó tóbi.

"Kékeré wà lọ́wọ́ mi, ńlá wà lọ́wọ́ rẹ. Kò sí ẹni tó máa dá a wò nínú wa."

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, wọ́n á ki dígí méjèèjì bọ páìpù nínú oko ẹ̀gẹ́ tí ìlú méjèèjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 1990, òrùka náà fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí etí fìlà abetí-ajá. Ọdọọdún ló ń tín-ín-rín sí i. Lọ́dún yìí, orí lásán ló kù.

Kàmọ́rù, mẹkáníìkì ará Ìlobù, ló kọ́kọ́ pariwo. "Tísà, ẹ ti pààrọ̀ dígí! Ẹ kó òrùka wa lọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó ilẹ̀ wa lọ!"

"Àbí wọ́n ti tà á l'Óṣogbo?" ni ẹlòmíràn fi kún un. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Mobọ́lá ò bínú. Ó gba àtẹ lọ́wọ́ ẹlẹ́pà kan, ó gbé e síwájú Kàmọ́rù. "Kí lo rí?"

"Àtẹ."

Ó yí i, ó kọ etí rẹ̀ sí i. "Báyìí ńkọ́?"

"Etí ẹ̀ nìkan."

"Àtẹ ò lọ síbì kankan. Òrùka yẹn náà kọ etí sí wa ni. Bó bá pẹ́ díẹ̀, yóò tún fẹ̀."

"Ará Ìfọ́n! Ọgbọ́n yín ò lè tán!"

Nígbà tó yá, ìjà ààlà dé. Àwọn tó ń fi ilẹ̀ ṣòwò jókòó sábẹ́ fáànù. Tálákà ló ń sun ilé tálákà. Ṣọ́ọ̀bù Baba Abdulsalam jóná pẹ̀lú páìpù. Dígí kékeré nìkan ló yọ, torí inú àpò bàbá ló wà. Ní Ìfọ́n, wọ́n ní kí Mobọ́lá fọ́ dígí ará Ìlobù. Kò fọ́ ọ.

Ní alẹ́ kan nínú oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1998, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì máa gba ọ̀nà Ìfọ́n sí Ìlobù, Mobọ́lá fi gèlè wé dígí, ó ru ẹní, ó kọjá sí Ìlobù, ó kúnlẹ̀ fún Baba Abdulsalam.

"Ẹ kú ewu iná, bàbá."

"Mobọ́lá! Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ó bà mí, sà. Mo ṣáà wá."

Wọ́n ká ẹní náà bíi páìpù, wọ́n ki dígí méjèèjì bọ inú rẹ̀, wọ́n fi okùn dì í, wọ́n gbé e ti ògiri tó jóná. Àwọn èèyàn rọra ń yọjú. Kàmọ́rù dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ wò."

"Rárá o. Ẹni tó pè ọ́ lólè ni kó kọ́kọ́ wò."

Ìdí ẹní náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Kàmọ́rù ní láti kúnlẹ̀ kó tó ríran. Ó wò ó pẹ́. Abetí-ajá ti na etí rẹ̀ méjèèjì.

Nígbà tó gbójú kúrò, kò dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú tísà ará Ìfọ́n.

"Dìde, jẹ́ káwọn tó kù wò," ni Mobọ́lá wí.

Nígbà tí Mobọ́lá ń padà lọ, Kàmọ́rù ló ru ẹní náà tẹ̀lé e, títí wọ́n fi kọjá ààlà.